Lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin àgbà tó ni ilẹ̀ ẹsẹ̀ òkè: ẹ má fi igbó yẹn fún eléèédú mọ́

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin olórí ìdílé tó ni ilẹ̀ ẹsẹ̀ òkè ní abúlé wa ní ilẹ̀ Ṣábẹ, ní orílẹ̀-èdè Benin,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ pọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n bọ́ sórí rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, ẹ jókòó, ẹ sì fohùn ṣọ̀kan pé kí àwọn tó ń sun èédú máa gé igi nínú igbó tó yí ẹsẹ̀ òkè ká, láti ibi tí ọ̀nà oko ti pínyà títí dé etí ìṣàn omi. Wọ́n sanwó, ẹ gbà á. Nígbà tí ọyẹ́ mú, iná jáde láti inú òkìtì tí wọ́n fi ń sun èédú, ó jó igi tí wọn ò tíì gé, ó wọ oko kajú, ó sì gun òkè títí dé ibi tí koríko pin sí. Nígbà tí iná náà kú, a bá àwọn tí oko wọn jó kẹ́dùn, eléèédú bẹ̀bẹ̀, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ti parí. Ohun tí mo tún wá gbọ́ ni pé ẹ ti ní kí wọ́n padà wá lẹ́yìn òjò láti gé èyí tó ṣẹ́ kù.

Ìpinnu ìkẹyìn yìí ló mú mi kọ̀wé. Mo kọ ọ́ síta nítorí pé abúlé wa nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ẹni tó bá gba títì ńlá láti Ṣábẹ lọ sí Kílíbò á rí àpò èédú tí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, àpò kọ̀ọ̀kan ló sì ní ilẹ̀ tó ti wá. Iṣẹ́ olùkọ́ jọ́gíráfì ni mò ń ṣe ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Ohun tí mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ lójoojúmọ́ ni bí ilẹ̀, omi, afẹ́fẹ́ àti ohun ẹlẹ́mìí ṣe so kọ́ra, tí ọwọ́ tó bá kan ọ̀kan kì í fi í ṣàì kan ìyókù. Kò yẹ kí n máa sọ ọ́ níta, kí n wá dákẹ́ nílé baba mi.

1. Ibi tí igbó yẹn wà ni ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí ẹ yẹ̀ wò.

Ká ní pápá tó wà lọ́nà ọjà lẹ fún wọn ni, inú mi ì bá bàjẹ́, ṣùgbọ́n bóyá mi ò ní kọ̀wé síta. Igbó ẹsẹ̀ òkè yàtọ̀. Òkè wa, gẹ́gẹ́ bí àwọn òkè Ṣábẹ yòókù, àpáta ńlá tó yọrí sókè láti inú ilẹ̀ ni. Orí irú àwọn òkè bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba ńlá wa sá gùn nígbà tí ogun Dàhómì ń kó wọn lẹ́rú. Àpáta kì í mu omi. Òjò tó bá rọ̀ sí i lórí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo rẹ̀ ló ń ṣàn wálẹ̀, ẹsẹ̀ òkè ló sì ń balẹ̀ sí, níbi tí ilẹ̀ ti jẹ́ iyanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ tó ti ara àpáta hó sílẹ̀ láti ayébáyé. Ibẹ̀ ni igbó wà. Ibẹ̀ náà ni omi ti ń rí ọ̀nà wọlẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Òjò tó bá ga tó mílímítà kan lórí ilẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà kan, tó gùn ní mítà kan, lítà omi kan ni. Òjò ńlá kan ṣoṣo lè tó mílímítà 40. Bí orí àpáta náà bá fẹ̀ tó hẹ́kítà 10 péré, òjò ẹyọ kan yẹn á da lítà mílíọ̀nù 4 sí ẹsẹ̀ òkè. Tí a bá fẹ́ fi àgbá tó ń gba lítà 200 gbe é, a máa nílò 20,000 àgbá. Òjò tó ń rọ̀ nílẹ̀ Ṣábẹ láàárín ọdún sì tó nǹkan bíi mílímítà 1,100. Nígbà tí igbó wà níbẹ̀, ewé gbígbẹ tó tẹ́ sílẹ̀ ló ń gba ìlù òjò, gbòǹgbò, ihò eèrà àti ihò ikán ló sì ń fa omi náà wọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Igbó yẹn ni ẹnu tí ilẹ̀ wa fi ń mu omi òkè. Ẹnu yẹn lẹ gbà kí wọ́n gé.

2. Kànga wa kò ní ibòmíràn tí omi rẹ̀ ti lè wá.

Ní Àjàṣẹ́ tí mò ń gbé, iyanrìn àti amọ̀ ló wà nísàlẹ̀, wọ́n nípọn, omi púpọ̀ sì wà nínú wọn. Àwa kò ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àpáta líle ló wà lábẹ́ wa. Omi abẹ́ ilẹ̀ wa kò ju èyí tó wà nínú ilẹ̀ tó ti jẹrà lórí àpáta lọ, àti èyí tó sá sínú ibi tí àpáta ti sán. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè gbẹ́ kànga síbì kan kó kún, kí wọ́n gbẹ́ òmíràn nítòsí rẹ̀ kó gbẹ táútáú. Àwọn kànga wa tó ń dáhùn jù, ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ òkè ni wọ́n wà. Ẹ̀yin lẹ fi hàn wá bẹ́ẹ̀ nígbà tí a wà lọ́mọdé.

Lọ́gbẹlẹ̀ yìí, àwọn obìnrin ilé wa so okùn mọ́ okùn kí garawa tó lè kan omi, ìlà ọmọdé sì ti ń gùn nídìí pọ́ǹpù kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ lè sọ pé ọ̀gbẹlẹ̀ ló le. Ó ṣeé ṣe, nítorí ọdún ò jọ ọdún. Ọ̀gbẹlẹ̀ tó ń bọ̀ ni mò ń bẹ̀rù, torí omi tó bá kọ̀ láti wọlẹ̀ lójò yìí ni a máa wá tì nígbà náà.

3. Ilẹ̀ náà ti ń kọ omi.

Ohun tí mo fojú ara mi rí ni mo fẹ́ sọ. Nígbà tí mo wálé lásìkò Àjíǹde, mo lọ síbẹ̀. Igi kan tí à ń pè ní apá yè ní ẹ̀bá àpáta, iná ò dé ìdí rẹ̀. Mo da omi ife kan sábẹ́ rẹ̀, omi náà wọlẹ̀ kí n tó nàró. Mo rìn sọ́wọ́ ìsàlẹ̀, níbi tí iná ti mú gan-an, mo fi ẹsẹ̀ gbá eérú kúrò, mo sì da omi ife kan síbẹ̀ pẹ̀lú. Omi náà ṣù róbótó, ó jókòó sórí ilẹ̀, erùpẹ̀ gbígbẹ bo ara rẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀, kó tó yí lọ sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Nígbà tí mo fi ìka gbẹ́ ojú ibi tó jókòó sí, ilẹ̀ ibẹ̀ gbẹ.

Ohun tó fà á kì í ṣe àdììtú. Òróró wà nínú ewé àti nínú ewé gbígbẹ tó tẹ́ sílẹ̀. Bí iná bá mú wọn, òróró yẹn á di èéfín, apá kan rẹ̀ á wọnú ilẹ̀, á sì lẹ̀ mọ́ hóró iyanrìn nígbà tó bá tutù. Ilẹ̀ tó bá ti rí bẹ́ẹ̀ kì í jẹ́ kí omi wọlé fún oṣù mélòó kan, nígbà mìíràn ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ṣiyèméjì, kó bu omi kó lọ dán an wò fúnra rẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹ máa sọ pé eérú dára fún oko. Òótọ́ ni, fún ìgbà díẹ̀. Eérú ní ohun tí ọ̀gbìn ń jẹ nínú, ìdí nìyẹn tí àgbàdo ọdún àkọ́kọ́ fi máa ń tutù yọ̀yọ̀. Ṣùgbọ́n náítírójìn, tó ń mú kí ewé pọ̀ kó sì dúdú, ti bá èéfín lọ. Èyí tó kù nínú eérú, òjò àkọ́kọ́ ló ń gbá a lọ bí igi ò bá sí láti dá a dúró. Abẹ́ òkìtì èédú ló tún burú jù. Ilẹ̀ ibẹ̀ ti sun títí ó fi pọ́n, ekòló kan kò sí nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, yangí ló kàn. Ẹ mọ yangí. Nígbà tí ilẹ̀ dúdú orí rẹ̀ bá ti ṣàn lọ, tí oòrùn sì pa á, á le, kò sì ní rọ̀ mọ́. Ọkọ́ ò wọ̀ ọ́, gbòǹgbò ò wọ̀ ọ́, omi ò wọ̀ ọ́. Lápá ìsàlẹ̀ ibi tí wọ́n gé igi sí, ó ti ń yọ orí.

4. Iná yìí yàtọ̀ sí iná àwọn ọdẹ wa.

Mi ò sọ pé iná ò gbọdọ̀ kan ìgbẹ́. Ilẹ̀ wa ti mọ iná tipẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọdẹ àtijọ́ máa ń tètè sun koríko, ní nǹkan bí oṣù Kọkànlá sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá, nígbà tí ìsàlẹ̀ koríko ṣì tutù. Iná bẹ́ẹ̀ máa ń kéré, á jó koríko, á sì fi igi sílẹ̀. Iná tó bá wá nígbà tí ọyẹ́ ti fa gbogbo nǹkan gbẹ ló ń pa igi láti ìdí. Ní Olókemèjì, láàárín Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, àwọn onímọ̀ igbó pín ilẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́ta láti ọdún 1929. Wọ́n ń tètè sun apá kan lọ́dọọdún, wọ́n ń sun apá kejì nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá ti le, wọn ò sì jẹ́ kí iná kan ẹ̀kẹta. Nígbà tó fi máa tó nǹkan bí 30 ọdún, èyí tí iná ò kàn ti ń di igbó, èyí tí wọ́n ń pẹ́ sun sì ti di pápá koríko tí igi rẹ̀ ò tó nǹkan. Ilẹ̀ kan náà ni, òjò kan náà ló ń rọ̀ sí i. Àkókò iná ló yà wọ́n sọ́tọ̀.

Wọ́n tún ń sọ nílé pé darandaran Fúlàní ló ṣáná. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ ká ṣọ́ra fún irú ọ̀rọ̀ yìí, torí ó ti da ìjà sílẹ̀ lọ́pọ̀ ibi. Ọyẹ́ máa ń fẹ́ láti ìlà-oòrùn àríwá wá. Òkìtì èédú wà ní apá ìlà-oòrùn àríwá igbó, oko kajú tó jó wà ní apá òdìkejì. Igi tó kọ́kọ́ jó ni àwọn tó wà nídìí òkìtì. Ẹ lọ wo ìdí igi tó dúró síbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí òkìtì ló dúdú jù. Kò sí màlúù tó jẹ̀ níbẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn.

5. Omi tí kò wọlẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ibì kan lọ.

Òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀ lẹ́yìn iná náà kò ju òjò ìbẹ̀rẹ̀ ọdún lọ, síbẹ̀ ó gbẹ́ ọ̀nà oko títí ọ̀kadà ò fi lè kọjá. Ìṣàn omi wa dúdú, igi jíjóná ń léfòó lórí rẹ̀. Ẹja kéékèèké kú sétí rẹ̀, nítorí eérú àti ìdọ̀tí tó ń jẹrà ti gba atẹ́gùn inú omi lọ́wọ́ wọn. Ìyá kan nílé wa fi aṣọ sẹ́ omi lẹ́ẹ̀mejì kó tó lè fi se ẹ̀wà. Gbogbo èyí ẹ ti rí. Èyí tí ẹ ò rí ni ibi tí ó ń lọ.

Ìṣàn wa ń lọ sínú Ọ̀pàrà, Ọ̀pàrà ń lọ sínú Wẹ̀mẹ̀. Wẹ̀mẹ̀ ni odò tó gùn jù ní Benin, ó tó nǹkan bíi kìlómítà 510, ẹnu rẹ̀ sì já sí adágún Nòkúè àti ọ̀sà Àjàṣẹ́. Láti oṣù Kẹsàn-án sí oṣù Kọkànlá, nígbà tí omi òkè bá dé, ọ̀sà tí mò ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ máa ń pọ́n. Bó ṣe máa ń rí lọ́dọọdún nìyẹn, ẹrẹ̀ tí odò ń gbé wá ló ń mú kí ìsàlẹ̀ Wẹ̀mẹ̀ lọ́ràá. Àpọ̀jù ló ń dà á rú. Bí iyanrìn àti ẹrẹ̀ láti orí òkè tí kò nígi mọ́ bá pọ̀ ju ohun tí odò lè gbé, á rì sísàlẹ̀ ọ̀sà, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á máa ga sókè, ibi tí ẹja ń yé sí á bò, omi tí ì bá dúró sínú ọ̀sà á sì máa wá sínú ilé. Àwọn ibi olómi yìí ṣe pàtàkì débi pé Benin fi orúkọ wọn sílẹ̀ ní ọdún 2000 lábẹ́ àdéhùn Ramsar, àdéhùn àgbáyé tó ń dáàbò bo irú ibi bẹ́ẹ̀. Nígbà tí omi kún ní 2010, ó lé ní 600,000 ènìyàn tí ó kàn ní orílẹ̀-èdè yìí. Òjò ńlá ló fa ti ọdún yẹn, mi ò ní purọ́ mọ́ igbó Ṣábẹ. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹsẹ̀ òkè kọ̀ọ̀kan tí kò lè mu omi mọ́ ń fi tirẹ̀ kún un.

Nǹkan kan tún wà tí ó máa ń ya àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lẹ́nu. Omi tí kò wọlẹ̀ nígbà òjò ló yẹ kó máa sun díẹ̀díẹ̀ sínú odò nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Nítorí náà, ilẹ̀ tó ń kọ omi ń mú kí odò kún jù lásìkò òjò, ó sì ń mú kó gbẹ jù lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn. Ní Kútọnú, ọ̀nà tí wọ́n là sí òkun ní 1885 ṣì ṣí sílẹ̀. Bí omi odò ò bá lágbára tó láti ti omi òkun padà, iyọ̀ á wọ Nòkúè, á sì máa sún wá síhà Àjàṣẹ́. Apẹja tó ń gbé lórí omi níbẹ̀ kò mọ orúkọ abúlé wa, àmọ́ ìpinnu tí ẹ ṣe ń dé inú àwọ̀n rẹ̀.

6. Afẹ́fẹ́.

Lórí èyí, mi ò ní sọ ju ohun tó dá mi lójú lọ. Ìlàjì igi gbígbẹ jẹ́ kábọ́ọ̀nù, nígbà tó bá sì jó tán, tọ́ọ̀nù igi kan á di nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 1.8 gáàsì tó ń mú kí ayé gbóná. Ìyẹn ń lọ bá ti gbogbo ayé. Ti àdúgbò wa ni pé igi ńlá máa ń fa omi láti ìsàlẹ̀ jíjìn, ó sì ń mí i síta láti ojú ewé, èyí ló ń mú kí abẹ́ igbó tutù lọ́sàn-án gangan. Ilẹ̀ dúdú tó wà níbẹ̀ báyìí ń gba oòrùn mọ́ra, ó sì ń gbóná débi pé ọmọ tó fẹsẹ̀ lásán kọjá ń sáré. Èéfín náà ní tirẹ̀. Bí hóró èéfín bá pọ̀ jù nínú ìkùukùu, omi inú rẹ̀ á pín sí ẹ̀kán kéékèèké tí kò tètè wúwo tó láti rọ̀. Ó lè dá òjò dúró níbì kan. Kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé iná abúlé kan ló lé òjò ọdún yìí sẹ́yìn, èmi náà ò sì ní sọ ọ́. Àmọ́ tí gbogbo ẹsẹ̀ òkè láti ibí dé Kílíbò bá jó lọ́gbẹlẹ̀ kan, ọ̀rọ̀ á yí padà. Ikọ́ àwọn ọmọdé nílé wa lóṣù tí iná jó kò sì nílò onímọ̀ kankan láti ṣàlàyé.

7. Àwọn igi tó lọ.

Àyìn ni eléèédú fẹ́ jù nítorí èédú rẹ̀ le, ó sì pẹ́ nínú iná. Wọ́n gé e. Wọ́n gé igi apá. Wọ́n tún gé igi ẹ̀mí àti igi irú, tí àwọn ìyá wa kì í gé rárá. Ìyá tó ń ṣe òrí, tó ń ṣe irú, kò sí níbi ìpàdé tí ẹ ti fohùn ṣọ̀kan, wọn ò sì bi í. Igi ẹ̀mí tí a bá gbìn lónìí lè gbà tó ọdún 15 kó tó so dáadáa, èyí tí wọ́n gé sì ti wà kí wọ́n tó bí mi.

Àwọn oyin tó wà nínú ihò igi ti lọ. Oyin àti àwọn kòkòrò mìíràn tó ń bà lé òdòdó ló ń bá kajú mú èso, oko tí iná ò kàn pàápàá á sì mọ̀ ọ́n lára. Eku tí ilé rẹ̀ jó ti kó wọ àká àgbàdo. Ẹyẹ tó ń jẹ èso tó ń su kóró rẹ̀ káàkiri kò ní ibi tó máa bà sí, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹyẹ yẹn ló ń gbin igbó fún wa láìgbowó. Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fojú sí nìyí: igi lọ, ilẹ̀ ò mu omi mọ́, ilẹ̀ ò mu omi, igi tuntun ò rí omi fi hù, igi ò hù, ilẹ̀ ń ṣàn lọ. Bí a ò bá dá a dúró níbì kan, á máa yí lọ ni.

8. Èsì tí mo ti gbọ́.

Wọ́n ní owó ni a fẹ́. Mo mọ̀. Mo mọ ilé tí wọ́n fi owó yẹn san owó ilé ìwé ọmọ, mo mọ èyí tí wọ́n fi tún òrùlé ṣe. Mi ò bú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo òwò náà dáadáa. Lọ́nà tí wọ́n ń gbà sun ún lábẹ́ erùpẹ̀, igi gbígbẹ kìlógíráàmù 100 kì í sábà mú ju kìlógíráàmù 10 sí 20 èédú jáde. Ìyókù di èéfín. Ẹ ta igi àádọ́ta ọdún, ìdá kékeré rẹ̀ ló dọ́jà, owó yẹn sì ti tán. Àwọn tí kajú wọn jó, ti wọn kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, ọdọọdún ni wọ́n ń ká a.

Wọ́n ní àwọn ará Àjàṣẹ́ àti Kútọnú ló ń ra èédú. Bẹ́ẹ̀ ni, àwa là ń rà á. Ó yẹ kí ìjọba mú gáàsì ìdáná rọrùn láti rà fún wa, màá sì sọ ìyẹn fún ẹni tó kàn. Síbẹ̀, ìyẹn kò yí ibi tí omi ẹsẹ̀ òkè ń gbà wọlẹ̀ padà.

Wọ́n ní igi á hù padà. Lórí èyí, ẹ jàre, ó sì kù sí yín lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ kùkùté ló ti ń rú. Mo rí ọ̀mùnú àyìn àti apá tó yọ láti ìdí tó jó. Bí iná kan kò bá padà kàn wọ́n, tí àáké kan ò sì tún kàn wọ́n, ọ̀pọ̀ wọn á dìde láìná kọ́bọ̀. Bí eléèédú bá padà wá lẹ́yìn òjò, ọ̀mùnú yìí ni wọ́n máa fi dá iná ìdí òkìtì wọn.

9. Ohun tí mò ń béèrè.

Ẹ fagi lé ìyọ̀ǹda tí ẹ fún wọn láti padà wá. Bí owó kan bá kù tí ẹ gbọ́dọ̀ dá padà, ẹ sọ iye rẹ̀ ní gbangba, àwa ọmọ ilé tó wà lẹ́yìn odi á dá a jọ. Mo ti bá àwọn kan sọ̀rọ̀, wọ́n sì ti gbà.

Ẹ yí ẹsẹ̀ òkè ká, kí ẹ sàmì sí ibi tí omi àpáta ń balẹ̀ sí. Láàárín àmì yẹn, kí ẹnikẹ́ni má gé igi, kó má dáko, kó má sun nǹkan kan. Kí àwọn ìyá máa ṣa èso wọn níbẹ̀. Kí wọ́n to òkúta sí ibi tí ilẹ̀ ti ń ṣàn, ní ìbú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí omi lè dúró díẹ̀. Òkúta ò wọ́n wa. Kí àwọn ọ̀dọ́ la ọ̀nà iná yí i ká kí ọyẹ́ tó dé. Níta rẹ̀, kí àwọn ọdẹ tètè sun koríko ní oṣù Kọkànlá, ní ọjọ́ tí gbogbo abúlé ti gbọ́, kí ẹnì kankan má sì tún ṣáná lẹ́yìn ìgbà náà.

Òfin igbó 93-009 ti ọjọ́ 2 oṣù Keje ọdún 1993 ti wà lórí igi gígé, èédú àti iná ìgbẹ́, ó sì kan igbó tí kì í ṣe ti ìjọba pẹ̀lú. Ẹni tó bá fẹ́ sun èédú níbòmíràn lórí ilẹ̀ wa, kó mú ìwé àṣẹ rẹ̀ wá síwájú gbogbo ilé kó tó mú àáké.

Àwọn tí kajú wọn jó kò tíì gba nǹkan kan ju ẹ̀bẹ̀ lọ. Kí eléèédú san ohun tó bàjẹ́, kí ẹ̀yin tí ẹ mú wọn wá sì dúró tì í títí wọn á fi san án.

Ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà ni ọjọ́ igi ní Benin láti 1985. Títí di ọjọ́ náà lọ́dún tó ń bọ̀, kí a ti ní irúgbìn ẹ̀mí, igi irú àti apá nílẹ̀, ká gbìn wọ́n sí ibi tí kùkùté ti kú pátápátá. Mo ṣe tán láti mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi wá.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù fún mi: ẹ má ṣe ìpàdé kankan lórí ilẹ̀ yẹn mọ́ láìsí àwọn obìnrin níbẹ̀. Àwọn ló ń fa omi.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ pe ìpàdé ìdílé kí òjò tó dá, nítorí pé lẹ́yìn rẹ̀ ni ọkọ̀ akẹ́rù máa padà wá. Ẹ fi ọjọ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, màá gba ààyè níbi iṣẹ́, màá wálé. Màá mú àwòrán ilẹ̀ tí mo yà dání, ká jọ fẹsẹ̀ wọn ààlà igbó náà láàárọ̀ ọjọ́ ìpàdé, kí a tó jókòó sọ ọ̀rọ̀.

Èmi ọmọ yín,
olùkọ́ jọ́gíráfì,
Àjàṣẹ́